Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ti Ń To Ojú Ìwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wo èsì ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ bí a ti ń to ojú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí a fi Google Web Toolkit, irinṣẹ́ tí iléeṣẹ́ Google gbé jáde ní ọdún 2006, ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun kọ̀ọ̀kan tí a ń rí tí a sì ń tẹ̀, bí bọ́tìnnì tàbí àyè tí a ń kọ orúkọ sí, ni à ń pè ní widget. A kì í fọ́n wọn káàkiri. Inú àwọn àpótí tí à ń pè ní panel ni a ń tò wọ́n sí. Ọ̀kan nínú wọn, DockLayoutPanel, dé ní ọdún 2009. Ó ní òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti àárín. A máa ń sọ ìwọ̀n àwọn etí rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti àárín. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àárín sí i kẹ́yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ kò bá ṣeé yí padà, ojú ìwé náà lè dára lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Ṣùgbọ́n lórí fóònù kékeré, àárín nìkan ni yóò fún pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àárín ni èsì ọmọ wà. Nítorí náà, kí ẹni tí ń to ojú ìwé tó fa ìlà kan, kí ó kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ òǹkàwé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.