Ẹja Tó Yẹ Àpótí Omi Òkun Kékeré

Nínú àpótí gíláàsì tí kò gbà ju 80 lítà omi iyọ̀ lọ, kíákíá ni ẹ̀gbin ara ẹja ń di ammonia, májèlé tí í mú kí ẹja máa yanu lójú omi bí ẹni tí ń wá èémí, nítorí náà ẹja tí kì í dàgbà púpọ̀ ni ó yẹ ibẹ̀. Acanthurus monroviae, ẹja Àtìláńtíìkì tí àmì aláwọ̀ ìyeyè wà nídìí ìrù rẹ̀, lè gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Ìyà gbáà ni láti há a mọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀. Clownfish, ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun mẹ́ta tí ó wá láti Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ni ó sàn jù, méjì péré sì tó.