Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rọ́bọ́ọ̀tì pé kò ní ṣubú?

Bí rọ́bọ́ọ̀tì bá rìn nígbà ẹgbẹ̀rún láìṣubú, ǹjẹ́ ìyẹn tó ẹ̀rí? Kò tó, nítorí ó ṣì lè ṣubú nígbà tó tẹ̀ lé e. Ìṣirò ni ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀:

1. Ní 1892, Aleksandr Lyapunov, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi yé aráyé pé bí a bá rí òǹkà kan, tí a ṣírò láti inú ipò ohun tí ń rìn, tí ń dín kù ṣáá títí yóò fi di òdo níbi ìsinmi, bí ọmọ ayò tí ń yí nínú igbá ṣe ń rọlẹ̀ sí ìdí igbá, ọkàn wa lè balẹ̀ pé kò ní ṣubú.

2. Òǹkà yìí ṣòro í rí. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti wá a.

3. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, a kò lè gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà nìkan gbọ́: ètò mìíràn ní láti yẹ gbogbo ibi tó wà nínú ààlà tí a pa fún rọ́bọ́ọ̀tì wò, kí ó sọ àṣìṣe tó bá rí di ẹ̀kọ́ fún kọ̀ǹpútà, títí àléébù yóò fi tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín in fún àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìṣirò.