Èènì Orí Òfurufú: Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ti Yín Sọnù

Kò sí obìnrin tí ń ná ọjà ní Òkè-Ìmẹ̀sí tí kò mọ èènì. Bí a bá ra kóńgò gàrí kan, olùtà yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yára pa igbá rẹ̀ dé kò ní rí èènì gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ní èènì tiwọn, ẹni tí ó bá sì forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún.

Ẹ̀yin abilékọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, Àrámọ̀kọ, Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè bá bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ìyá ni a ń ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá wẹ ọmọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe owó kékeré. Bí èènì orí rẹ̀ bá ń sọnù lálọ lábọ̀, àdánù ńlá ni.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines dá ètò AAdvantage sílẹ̀. Wọ́n ń ka máìlì tí èrò bá fò, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ tó, yóò fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Lára àwọn tí ń gbé èrò láti Ìkẹjà, Ethiopian Airlines ní ShebaMiles, Virgin Atlantic ní Flying Club, Air France àti KLM sì jọ ń lo Flying Blue. Avios ni orúkọ èènì ti British Airways. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, iye owó tí a san ni British Airways fi ń ṣírò rẹ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà mọ́.

Bí ẹ óò ṣe bẹ̀rẹ̀

Èkíní, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ inú ìwé ìrìnnà gan-an ni kí ẹ kọ. Bí ìwé bá pe ìyá ní Fólúkẹ́, ẹ má ṣe kọ Ìyá Bọ́lá.

Èkejì, ẹ fún agẹ́ǹtì ní nọ́ńbà náà kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ni ó ni èènì, kì í ṣe ẹni tí ó sanwó. Nítorí náà, ìyá ní nọ́ńbà tiwọn, ìyàwó ní tirẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ béèrè òfin ọjọ́ orí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ ọwọ́ tí a gbé lẹ́sẹ̀ kì í sábà gba nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fọ́n ọn ká. Ethiopian Airlines wọ ẹgbẹ́ Star Alliance ní ọdún 2011. Lufthansa, Turkish Airlines àti EgyptAir wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wọ ọ̀kan nínú wọn lè kó èènì rẹ̀ sínú ShebaMiles kan náà, bí irú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gbà á láyè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tọ́jú ìwé pélébé tí a fi wọ ọkọ̀ títí èènì yóò fi hàn lórúkọ yín. Bí kò bá hàn, òun ni ẹ̀rí tí ẹ óò fi béèrè.

Ibi tí a ti ní láti ṣọ́ra

Èènì kì í ṣe ọjà. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó wọ́n ju èyí tí ẹ lè rà lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi èènì gbà pàápàá, a óò san owó orí àti àwọn owó mìíràn lé e. Ẹ sì wo ọjọ́ ìparí rẹ̀: Avios yóò parẹ́ bí oṣù 36 bá kọjá láìsí ohun tí ó wọlé tàbí tí ó jáde, ṣùgbọ́n ti Virgin Atlantic kì í parẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwọlé yín kò tọ́ sí agẹ́ǹtì; nọ́ńbà nìkan tó o.

Bí ìyá kò bá mọ̀wé, kí ìyàwó ilé jókòó tì wọ́n kí ó sì bá wọn kọ ọ́. Ìrìn àjò kan lè má tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.