Ìwúlò Ètò nínú Iṣẹ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré sísá ni ó ń mú kí ẹrù tètè dé ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ọkọ̀ akẹ́rù lè sáré tete lójú ọ̀nà, kí ó sì dúró di ọ̀sán ní iwájú ilé ìkẹ́rùsí.

Bí ilé ìkẹ́rùsí kan bá ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rin, tí àwọn alábàárù sì ń fi wákàtí kan di ẹrù sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wákàtí márùn-ún ni ọkọ̀ 20 yóò gbà. Bí gbogbo wọn bá dé ní agogo 7 òwúrọ̀, mẹ́rin yóò wọlé, 16 yóò sì dúró. Wákàtí mẹ́rin ni àwọn mẹ́rin ìkẹyìn yóò fi dúró kí ó tó kàn wọ́n. Bí a bá ro àkókò tí gbogbo wọn fi ṣòfò pọ̀, wákàtí 40 ni. Ṣùgbọ́n bí alábòójútó bá pe mẹ́rin ní agogo 7, tí ó pe mẹ́rin ní agogo 8, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di agogo 11, ọkọ̀ kankan kò ní dúró. Agogo 12 ni iṣẹ́ yóò parí ní ọ̀nà méjèèjì. Ètò nìkan ni ó yàtọ̀.

Alábòójútó tí ó gbọ́n kì í ṣe ètò rẹ̀ há jù. Ó mọ̀ pé táyà lè bẹ́, òjò sì lè ba ọ̀nà jẹ́. Nítorí náà, ó ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. A sì máa mú ọkọ̀ tí ó kó tòmátì ṣáájú èyí tí ó kó sìmẹ́ńtì, nítorí tòmátì kò mọ sùúrù.

Ojú Èkó ti rí ìyà àìlétò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó ti wu olúkúlùkù ni ọkọ̀ ń lọ sí èbúté Àpápá. Wọ́n tò sí ojú títì àti orí afárá, àwọn awakọ̀ sì ń sùn sí ìdí ọkọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tí ń ṣàkóso àwọn èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pe ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ yóò dúró ní ibùdókọ̀ títí a ó fi pè é. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n sọ ọ̀nà tuntun náà: Ètò.

Síbẹ̀, ìpè nìkan kò tó. Bí ẹnì kan bá fi owó ra ipò ẹlòmíràn, gbogbo ìlà ni ó dàrú. Ẹni tí ó ṣe ètò ti ṣe ìlàjì iṣẹ́. Àwọn tí ó pa á mọ́ ni yóò ṣe ìlàjì tí ó kù.