Oúnjẹ Alángbá Ọ̀sìn: Àyẹ̀wò Ìlò Ọ̀rọ̀ ‘Igbó’, ‘Oró’ àti ‘Májèlé’

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni òwe yìí ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sin alángbá mọ̀ pé bí ó ti rí gan-an nìyẹn. Alángbá kì í ké bí ewúrẹ́. Kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ pé ohun tí ó jẹ ń bá a jà, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò kò ṣòro láti bi: ǹjẹ́ kòkòrò tí a kàn mú ní ìta dára fún alángbá tí a ń sìn nínú àpótí? Olùkọ́ tí ó ń fi alángbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè yóò bá a pàdé. Olùtumọ̀ tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn yóò bá a pàdé pẹ̀lú. Ẹlòmíràn lè wí pé alángbá ara ògiri wa ń jẹ èèrà àti kòkòrò mìíràn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sin ọ̀kan nínú wọn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n alángbá ara ògiri ń ṣa èyí tí yóò jẹ, àti òun àti kòkòrò wọ̀nyí ni wọ́n sì jọ ń gbé ilẹ̀ kan láti ìrandíran. Èyí tí ó wà nínú àpótí kò ní ju ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ènìyàn ni yíyàn wà, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn náà kà ni yóò sì fi yàn.

1. ‘Kòkòrò igbó’ tàbí ‘kòkòrò àìsìn’?

Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ ‘kòkòrò igbó’. Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣi ni lọ́nà. Aáyán ilé ìdáná, eṣinṣin ẹ̀yìnkùlé, àti ìrẹ̀ tí ó fò wá sí ìdí iná, kò sí èyí tí ó ti igbó wá nínú wọn. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn àti tata inú oko, nítorí pé a kò mọ ohun tí wọ́n ti jẹ, a kò sì mọ ibi tí wọ́n gbà kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kìlọ̀ kòkòrò igbó fún yóò mú aáyán ilé láìfòyà, bẹ́ẹ̀ aáyán ilé gan-an ni a máa ń fín oògùn sí. A dá a lábàá nítorí náà pé kí a máa lo ‘kòkòrò àìsìn’. Òdìkejì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ‘kòkòrò ọ̀sìn’.

2. Oró àti májèlé

Oró ni ti ejò, ti àkekèé àti ti agbọ́n. Ojú ibi tí wọ́n ti bu ni ṣán tàbí tí wọ́n ti ta ni ni ó ń gbà wọ ara. Májèlé ń gba ẹnu wọlé. Lóòótọ́, èdè ojoojúmọ́ kì í fi ìgbà gbogbo yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkànlò èdè tí a lò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò bèèrè ọ̀nà tí oró gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tó fún àkànlò èdè kò tó fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú tanátaná ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ta ni, ọmọdé sì lè mú un ṣeré. Ṣùgbọ́n ní 1978, Thomas Eisner ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí èròjà kan tí ó wà nínú ẹ̀yà tanátaná tí a ń pè ní Photinus. Wọ́n sọ ọ́ ní lucibufagin. Ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n kó pọ̀ sínú orúkọ náà, nítorí pé ìbátan májèlé ara ọ̀pọ̀lọ́ ni, ọkàn ni ó sì ń bá jà. Ní 1999, ìwádìí mìíràn tí Eisner bá wọn kọ ṣàlàyé bí alángbá onírùngbọ̀n, Pogona vitticeps, ṣe kú lẹ́yìn tí ó jẹ irú tanátaná bẹ́ẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń ya ẹnu, àwọ̀ rẹ̀ dúdú, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Ọsirélíà ni a ti mú irú alángbá yìí wá. Amẹ́ríkà ni ilé Photinus. Àwọn baba ńlá rẹ̀ kò bá kòkòrò náà pàdé rí, kò sì sí ohun tí ó kọ́ ọ pé kí ó tu ú dànù.

Bí ìwé bá wí pé ‘má ṣe fún un ní kòkòrò olóró’, òǹkàwé yóò yẹra fún agbọ́n, yóò sì ju tanátaná sínú àpótí. ‘Kòkòrò onímájèlé’ ni ó yẹ kí a kọ.

3. Oríṣi májèlé méjì

A kọ́kọ́ rò pé kí a pe èyí tí ó jẹ́ ti kòkòrò fúnra rẹ̀ ní ‘májèlé àbínibí’. Tata aláràbarà tí ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, Zonocerus variegatus, ni kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ó máa ń wá òdòdó ewé Akíntọ́lá jẹ, a sì máa kó májèlé inú rẹ̀ pamọ́ sí ara. A kò bí i mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Nítorí náà, ‘májèlé ìdáàbòbò’ ni ó bá a mu.

Èkejì ni ‘májèlé àjèjì’, èyí tí ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó kò ní gbàgbé Gamalin 20. Àwọn kan dà á sínú odò láti fi pa ẹja, ẹni tí ó jẹ ẹja náà sì jẹ nínú ohun tí ẹja mu. Lindane ni èròjà inú rẹ̀, tí àdéhùn Stockholm kà mọ́ ohun tí a ó fòfin dè ní 2009. Ọ̀nà kan náà ni oògùn apakòkòrò ń gbà dé inú alángbá. Kòkòrò tí a fín oògùn sí lè má kú lójú ẹsẹ̀. Agbára rẹ̀ a dín kù, kò ní lè sá mọ́, òun gan-an ni yóò sì rọrùn jù lọ láti mú.

Aràn kì í ṣe májèlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kà á mọ́ ọn. Alángbá ìta náà ní aràn, ṣùgbọ́n kì í jẹun sí ibi tí ó ń yàgbẹ́ sí. Nínú àpótí, ẹyin aràn inú ìgbẹ́ rẹ̀ lè padà sí ẹnu rẹ̀, kí aràn sì máa pọ̀ sí i.

Ní àkótán, kí olùkọ́ fi kòkòrò ọ̀sìn bọ́ alángbá rẹ̀. Bí kò bá rí i, kí ó mú ìrẹ̀ tàbí ikán ní ibi tí ó dá a lójú pé a kò fín oògùn sí. Kí ó fi èyí tí ń tan iná sílẹ̀, kí ó fi aláràbarà sílẹ̀, kí ó má sì mú èyí tí kò lè sá. Ní ti olùtumọ̀, kí ó kọ ‘àìsìn’ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ kọ ‘igbó’, kí ó sì kọ ‘onímájèlé’ níbi tí ó fẹ́ kọ ‘olóró’. Alángbá kò lè kàwé. Ẹni tí ń bọ́ ọ ni ó ń kà á fún un.