Ẹlẹ́wọ̀n àti Ọgbà tí a Gbé e Lọ

Kí ẹ̀wọ̀n tó di orúkọ ilé ní èdè wa, irin tí a fi ń de ènìyàn ni. Nítorí náà ni ó fi rọrùn fún wa láti rò pé ibi yòówù tí a bá fa ẹni tí a dè lọ, ẹ̀wọ̀n kan náà ni ó wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dé ibi tí ó fara jọ èyí ní ọdún 1976, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà.

Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tí ó ti wà láti ọdún 1868, sọ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni láìtẹ̀lé ìlànà tí ó tọ́ lábẹ́ òfin. Ẹni tí kóòtù ti gba òmìnira rẹ̀, ǹjẹ́ ó tún ku èyí tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ọdún 1974, iná ńlá 9 ṣẹ́ yọ láàárín oṣù méjì ààbọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àwọn aláṣẹ fura sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan, wọ́n sì pinnu láti kó wọn lọ sí ọgbà tí ìgbé ayé ibẹ̀ le ju ti Norfolk lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan sọ ní bòókẹ́lẹ́ ni ẹ̀rí. Nígbà tí ọ̀gá ọgbà sì ń rò ó fún ìgbìmọ̀, wọn kò jẹ́ kí àwọn tí a fura sí wà níbẹ̀. Èyí ni ẹjọ́ Meachum v. Fano. Adájọ́ White, pẹ̀lú àwọn 5 mìíràn, dáhùn pé ìdájọ́ tí ó sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n ti fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti fi í sí èyíkéyìí nínú àwọn ọgbà rẹ̀, àfi bí òfin ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ bá de ọwọ́ aláṣẹ. Adájọ́ Stevens kò gbà. Ní tirẹ̀, òmìnira ti wà kí òfin tó wà, ìyókù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n pàápàá.

Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá ẹjọ́ Montanye v. Haymes, tí mo kà sí èyí tí ó wúwo jù. Ní Attica, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n yọ ẹlẹ́wọ̀n kan kúrò nínú iṣẹ́ akọ̀wé ní yàrá ìwé òfin. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n 82 sì fọwọ́ sí i. Wọ́n gba ìwé náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí ọgbà mìíràn. Kóòtù ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjìyà, kò pọn dandan kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀ràn yàtọ̀ ní ọdún 1980, nínú Vitek v. Jones, nítorí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n gbé ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ Nebraska yẹn lọ: àbùkù irú ibẹ̀ kò sí lára ìjìyà tí a dá fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, nínú Olim v. Wakinekona, wọ́n gbé ẹlẹ́wọ̀n Hawaii kọjá òkun lọ sí Folsom ní California, ó lé ní 2,000 máìlì. Ìlànà Hawaii ní kí àwọn tí ọ̀ràn kò kàn jókòó gbọ́ ọ. Àwọn tí ó wádìí rògbòdìyàn inú ọgbà náà ni ó tún jókòó. Kóòtù ní aláṣẹ lè ṣe bí ó ti wù ú ní òpin gbogbo rẹ̀, nítorí náà ìlànà náà kò fún ẹlẹ́wọ̀n ní ẹ̀tọ́ kankan. (Bí ìyàwó àti ọmọ yóò ti máa dá òkun kọjá láti wò ó, ìyẹn kò wọ inú ìṣirò.)

Àbájáde rẹ̀ ni pé, bí ìpínlẹ̀ bá ti kọ ìlànà rẹ̀ kedere tó, bẹ́ẹ̀ ni a ó ti rí i fi mú un tó. Ó sàn fún un kí ó má kọ ọ́ rárá. Kóòtù gba èyí nínú Sandin v. Conner ní ọdún 1995, ó sì yí ìbéèrè padà: ṣé ìnira tí ẹlẹ́wọ̀n bá pàdé tóbi, ó sì ṣàjèjì sí ìgbé ayé ẹ̀wọ̀n lásán?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ohio fi borí ní ìdajì ní ọdún 2005, nínú Wilkinson v. Austin. Ọgbà tí wọ́n kó wọn lọ, ẹnì kan nínú yàrá kan fún wákàtí 23 lójúmọ́, iná kì í kú tọ̀sán tòru, kò sí gbèdéke ọjọ́ tí wọn yóò kúrò, àǹfààní ìdásílẹ̀ kí àkókò tó pé sì ti bọ́. Gbogbo adájọ́ 9 gbà pé òmìnira kan wà tí èyí ń gbà. Wọ́n tún gbà pé ìlànà tuntun Ohio tó: kí a sọ ìdí fún ẹlẹ́wọ̀n ní ṣókí, kí ó sì rí àyè fèsì. Kò ní àyè láti pe ẹlẹ́rìí.