Nígbà Tí Àìsàn Ọrùn Bá Ń Da Ọkàn Rú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ, tí kì í sì í ṣe ara nìkan ni ó ń bá jà. Bí ó ti ń bá ara jà ni ó ń bá ọkàn jà, ti ọkàn yìí ni ó sì sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn ni.

Ẹ fi ìka kan iwájú ọrùn yín, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò díẹ̀. Níbẹ̀ ni ohun kékeré kan wà nínú ẹran ara tí ó na apá sí ọ̀tún àti sí òsì bí labalábá. Táírọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Bí ó bá wú ni a ń pè é ní gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè máa ṣàìsàn láìwú rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pèsè èròjà kan tí a ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí ni ó ń pàṣẹ bí ọkàn yóò ti máa lù, bí ara yóò ti gbóná tó, bí oúnjẹ yóò ti dà, àti bí ọpọlọ yóò ti máa ronú.

Ẹ rántí àtùpà tí àwọn ìyá wa máa ń fi epo òyìnbó tàn. Bí a bá yí òwú rẹ̀ sókè jù, iná yóò máa jó lala, gíláàsì yóò dúdú, epo yóò sì tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá yí i sílẹ̀ jù, yàrá yóò ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni táírọ́ìdì rí.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù, ọkàn rẹ̀ yóò máa lù kìkì bí ẹni tí ó sáré, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò máa bò ó, yóò máa jẹun dáadáa síbẹ̀ yóò máa rù. Oorun yóò jìnnà sí ojú rẹ̀. Inú yóò máa bí i sí ohun tí kò tó nǹkan, yóò sì máa sunkún láìnídìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, òtútù yóò máa mú un nígbà tí gbogbo ilé ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ara rẹ̀ yóò wúwo, awọ rẹ̀ yóò gbẹ, yóò máa gbàgbé nǹkan, yóò máa tòògbé lọ́sàn-án, ohun tí ó sì máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́. Àwọn obìnrin ni àìsàn yìí ń bá jà jù. Bí ọkùnrin kan bá ní in, obìnrin márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò ti ní in.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí àwọn oníbàárà mọ̀ fún sùúrù. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó di ẹni tí ń já aṣọ gbà lọ́wọ́ oníbàárà nítorí pé ẹni náà ná ọjà. Ó na ọmọ nítorí ife tí ó fọ́. Aago méjì òru, ó ti jí, ó ń gbálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ta ni ó kọ́ ọ ní irú ìwà báyìí?” Ìyá ọkọ ní ó dà bí ẹni pé ó ti rí ọkùnrin mìíràn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ó wá ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣe é, oorun tí kò tó tẹ́lẹ̀ sì tún dín sí i. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni kò sì ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ní ti ẹni tí tirẹ̀ lọ sílẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pè é, òun náà yóò sì gbà bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí inú ń tètè bí ni ó ní àìsàn ọrùn o. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń bínú láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ̀ sí oníwà tútù, tí ó yí padà láàárín oṣù díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọdún 1949, dókítà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Richard Asher, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí táírọ́ìdì wọn ti lọ sílẹ̀ títí orí wọn fi dàrú. Kì í ṣe ìwà wọn ni ó bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n rí oògùn táírọ́ìdì lò, orí ọ̀pọ̀ nínú wọn padà bọ̀ sípò.

Bí a bá ti sọ orúkọ àìsàn náà fún ènìyàn, ìbéèrè tí í kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀ ni pé, “Kí ni mo ṣe?” tàbí, “Ta ni ó ṣe é sí mi?” Ìbéèrè méjèèjì yìí ti ba ìlera ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ju àìsàn náà lọ. Lóòótọ́, àìtó èròjà kan tí ń jẹ́ áyódínì nínú oúnjẹ máa ń fa gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń po áyódínì mọ́ iyọ̀ tí a ń tà ní Nàìjíríà. Nínú àìsàn táírọ́ìdì ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a ń sọ yìí, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun tí ń dáàbò bo ara ṣi ọ̀tá mọ̀, wọ́n sì dojú ìjà kọ táírọ́ìdì ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Gàrí tí ẹ jẹ kọ́ ni ó fà á. Orogún kọ́, àbúrò ọkọ kọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀tá kiri nínú ẹbí kò ní ráyè lo oògùn, yóò sì pàdánù àwọn tí ì bá dúró tì í.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìtọ́jú, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìrètí nù. Ẹni tí tirẹ̀ lọ sílẹ̀ ni a máa ń fún ní levothyroxine, èyí tí í ṣe họ́mónù náà gan-an tí a fi ọwọ́ ṣe. Ní òwúrọ̀, kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, ni yóò fi omi lásán gbé e mì, yóò sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú àti oògùn eegun tí ó ní kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i. Oògùn yìí kì í kánjú. Bí a bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ bóyá ó tó tàbí kò tó. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, aláìsàn á máa sọ pé, “Mo ti ń lò ó, kò sí ìyàtọ̀.” Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọkàn a tún máa lọ́ra ju ẹ̀jẹ̀ lọ: ìwé àyẹ̀wò lè ti dára kí ọkàn tó fúyẹ́.

Ẹni tí tirẹ̀ ga jù sábà máa ń lo carbimazole fún ọdún kan sí ọdún kan àti ààbọ̀. Èyí náà a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ràn, nítorí pé họ́mónù tí táírọ́ìdì ti kó pamọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tán. Dókítà lè fi propranolol kún un, èyí tí í mú ọwọ́ dẹ́kun gbígbọ̀n tí í sì í dá àyà dúró ní kíákíá, bí kò bá ti sí ikọ́ efée lára aláìsàn. Bí ara bá ti ń balẹ̀, ẹran tí ó ti lọ yóò padà wá. Àwọn obìnrin kan a máa sunkún nítorí pé aṣọ kò wọ̀ wọ́n mọ́. A kò ní bá wọn wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kí a kàn sọ fún wọn ṣáájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀, kí ó má bàa bá wọn lójijì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí í bà ọkàn jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: “títí ọjọ́ ayé.” Bí dókítà bá sọ pé oògùn yìí, títí ọjọ́ ayé ni, ó máa ń dàbí ìdájọ́ ní etí ẹni. Ènìyàn lè ṣọ̀fọ̀ ara rẹ̀ tí ó ní tẹ́lẹ̀, kò sì burú kí ó sunkún un. Ohun tí ó burú ni kí ó ju oògùn sílẹ̀ nígbà tí ara bá yá, kí ó ní òun ti gba ìwòsàn. Ara yá nítorí pé oògùn wà níbẹ̀. Ta ni ó jẹ iyán yó lánàá tí ó wá sọ pé òun kò tún ní jẹun mọ́? Ẹ gbàdúrà, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gba àdúrà tòun ti oògùn.

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1891, ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà George Murray fún obìnrin ẹni ọdún 46 kan ní abẹ́rẹ́ omi tí ó fún láti inú táírọ́ìdì àgùntàn. Táírọ́ìdì obìnrin yìí ti kú tán, òun náà kò sì jìnnà sí ikú. Ó yá, ó sì ń lo oògùn náà nìṣó títí ó fi kú ní ọdún 1919, ní ẹni ọdún 74. Nígbà tí Murray ṣírò rẹ̀, táírọ́ìdì àgùntàn tí ó lé ní 870 ni obìnrin náà ti lò. Odindi agbo! Lónìí, hóró oògùn kan tí kò tó èékánná ọmọdé ni.

Fún àwọn tí ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ wọn ti dópin, Gail Devers tí ń sáré fún Amẹ́ríkà ṣàìsàn fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì kí a tó mọ̀ ní ọdún 1990 pé táírọ́ìdì rẹ̀ ni ó ga jù. Nígbà ìtọ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì bó débi pé wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ gígé e. Ní ọdún 1992, ẹsẹ̀ kan náà ni ó fi gba wúrà eré mítà 100 ní Barcelona, ó sì tún gbà á ní Atlanta ní ọdún 1996. A kò sọ pé gbogbo yín ni yóò gba wúrà.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. Nínú irú èyí tí ó ga jù, ẹyinjú àwọn mìíràn a máa yọ síta, àwọn ènìyàn a sì máa wò wọ́n ní títì tàbí nínú ọkọ̀. Ojú yìí lè má tẹ̀ lé oògùn ọrùn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dára. Dókítà ojú ni kí ó rí i. Ẹni tí ń mu sìgá gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, nítorí pé sìgá a máa mú un le sí i. Awò dúdú kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí ó lò ó.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní ọdún 1954, ní Àrò ní Abẹ́òkúta, Dókítà Adeoye Lambo jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn dàrú máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn kan, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Aláìsàn ọrùn kì í ṣe wèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kàn án: kí ẹnìkan nínú ilé bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀ líle, ẹ má dáhùn ní òru; ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ìwọ aláìsàn pẹ̀lú, sọ fún ọkọ rẹ pé, “Bàbá wọn, inú tí ń bí mi yìí kì í ṣe tiyín.” Má ṣe kó kúrò nílé ọkọ, má ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀, má ṣe ta ṣọ́ọ̀bù, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dára fún oṣù mélòó kan. Ní ìwé kékeré kan, kí o kọ bí oorun ti rí àti bí inú rẹ ti rí lójoojúmọ́. Dókítà tí ó ń wo nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ nìkan yóò rí ohun tí nọ́ńbà kò sọ.

Bí ibà tàbí ọ̀fun dídùn bá mú ẹni tí ń lo carbimazole, kí ó dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé oògùn yìí lè pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀. Ẹni tí ó bá lóyún kò gbọdọ̀ fi oògùn èyíkéyìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó tètè sọ fún dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dára tí ìbànújẹ́ kò lọ, ẹ sọ ọ́ síta, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí aláìsàn bá ń sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ má pè é ní eré, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ mú un lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ yẹn kan náà, ìbáà jẹ́ òru.